Orógbó, Ẹ̀pà àti Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀: Ta Ni Yóò Bá Wa Wádìí Rẹ̀?

Ní ọdún 1960, bí àwa ní Nàìjíríà ti ń múra àjọ̀dún òmìnira, àrùn kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀ ń pa tòlótòló ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín oṣù díẹ̀, èyí tí ó kú nínú wọn lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún, èyíinì ni 100,000. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ké gbàjarè, ìjọba wọn gbọ́, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ sì kó oúnjẹ àwọn ẹyẹ náà lọ sí ilé ìwádìí. Ibi tí wọ́n ti rí ikú náà ni inú ẹ̀pà lílọ̀ tí a ti fún òróró rẹ̀ kúrò, èyí tí a kó wá láti ilẹ̀ Bùràsíìlì. Ẹ̀pà náà ti bu kí a tó lọ̀ ọ́. Irú olu kékeré kan báyìí, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní Aspergillus flavus, ti hù lára rẹ̀, ó sì ti da májèlé sínú rẹ̀. Wọ́n sọ májèlé náà ní aflatoxin.

A kò fi tòlótòló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa láti pa òǹkàwé lẹ́rìn-ín. Ní àkókò náà gan-an, òkìtì àpò ẹ̀pà ga bí òkè ní Kánò, ọkọ̀ ojú irin sì ń kó o lọ sí èbúté kí àwọn ará Yúróòpù lè rí òróró fún lára rẹ̀. Olu tí a ń sọ yìí kò sì mọ ààlà ilẹ̀. Ibi gbogbo tí oòrùn bá ti mú tí ọ̀rinrin sì wà ni ilé rẹ̀. Ó wà nínú ẹ̀pà Kánò àti ti Sẹ̀nẹ̀gà, ó wà nínú àgbàdo Ọ̀yọ́ àti ti Gánà, kò sì yọ ọkà bàbà sílẹ̀. Lẹ́yìn ikú àwọn tòlótòló náà ni àwọn ìjọba Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin sọ ìwọ̀n aflatoxin tí ó lè wà nínú ẹ̀pà tí yóò wọ ìlú wọn. Ẹ̀pà tí ó bá kọjá ìwọ̀n náà, wọn kì í gbà á. Ohun tí àwa fẹ́ bi àwọn òǹkàwé wa ni èyí: ẹ̀pà tí a kọ̀ ní èbúté, ta ni ó ń jẹ ẹ́?

Ẹni tí ó bá mọ ọjà wa kò ní ronú pẹ́ kí ó tó dáhùn. Èyí tí ó yọ̀ lára, tí ó dán, ni a ń ṣà sọ́tọ̀ fún oníbàárà olówó. Èyí tí ó ti sún kì, tí àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà, ni ó sábà máa ń di kùlíkùlí àti dọ̀ńkùwà tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń rà nígbà ìsinmi ọ̀sán. Yíyan kì í pa májèlé yìí tán, bẹ́ẹ̀ ni sísè kì í pa á tán.

Bí ènìyàn bá jẹ májèlé náà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó lè pa á láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà ní 2004, àgbàdo tí ó ti bu sọ ènìyàn 317 di aláìsàn, 125 nínú wọn sì kú. Irú ikú bẹ́ẹ̀ a máa dé inú ìwé ìròyìn. Èyí tí kì í dé ibẹ̀ ni ti ẹni tí ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tí a ti já a lẹ́nu ọmú títí ó fi pé ẹni ogójì ọdún, tí ó wá ń rù, tí ikùn rẹ̀ ń wú, tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí ibà apọ́njú ń ṣe, tí àwọn ará ilé rẹ̀ sì ní ayé ló ń ṣe é. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni. Láti 1987 ni àjọ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ, èyí tí ó wà ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé, ti ka aflatoxin mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ fún ọmọ ènìyàn. Bí ẹni tí ó ń jẹ ẹ́ bá tún ní kòkòrò àrùn hepatitis B nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ọ̀ràn náà di ẹtu tó ń bá iná ṣeré. Ìwádìí kan tí a ṣe ní Shanghai tí a sì tẹ̀ jáde ní 1994 fi hàn pé ewu ẹni tí ó ní méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 60 ewu ẹni tí kò ní ọ̀kankan nínú wọn.

Àwọn tòlótòló ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí ẹni wádìí ikú wọn kíákíá. Àwọn àgbẹ̀ wa ńkọ́?

Ohun tí ó mú wa gbé kálàmù lé ọ̀rọ̀ yìí ni pé apá kan ìdáhùn ń bẹ nínú ewé, èso àti ẹ̀fọ́. Kì í ṣe àlọ́, kì í sì í ṣe ìpolówó ọjà. A ti fi ojú rí i nínú ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ọmọ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ariwo àwọn tí ń ta àgúnmu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó mọ́lẹ̀ ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹ̀gàn àwọn kan tí wọ́n kàwé sì bò ó láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Kí a tó lè dá ẹjọ́ láàárín wọn, ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe nínú ara.

Ẹ̀dọ̀ ni oníbodè ara. Oúnjẹ tí ó gba ẹnu wọlé ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá kí ẹ̀jẹ̀ tó gbé e kiri. Àwọn òṣìṣẹ́ ibodè náà ni ohun tí à ń pè ní ẹ́ńsáìmù. Ẹ́ńsáìmù kì í ṣe ẹ̀dá abẹ̀mí o. Èròjà ni, ara tìkára rẹ̀ ni ó ń ṣe é, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti mú kí ohun tí ì bá gba ọjọ́ gbọọrọ di ṣíṣe ní ìṣẹ́jú akàn. Olùkọ́ tí ó bá ti sọ fún ọmọ pé kí ó jẹ iṣu sísè lẹ́nu pẹ́ títí tí yóò fi máa dùn ti fi ọ̀kan nínú wọn han ọmọ náà, nítorí ẹ́ńsáìmù inú itọ́ ni ó ń sọ sítáàṣì inú iṣu di ṣúgà.

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ méjì ni ó wà ní ibodè ẹ̀dọ̀. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ kìíní ni láti mú ohun àjèjì tí kò pò mọ́ omi, kí wọ́n gé e tàbí kí wọ́n fọ́ ọ, kí omi ara lè rí i ṣàn lọ. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kan aflatoxin, fífọ́ tí wọ́n fọ́ ọ gan-an ni ó ń sọ ọ́ di ohun ìpalára. Ẹ rántí ìgò. Ìgò odidi kì í gé ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá fọ́ ọ kí ó lè rí i kó dànù ni àfọ́kù rẹ̀ ń gé. Àfọ́kù aflatoxin mú púpọ̀, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ DNA, èyíinì ni ìwé àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan fi ń mọ iṣẹ́ tí òun yóò ṣe àti ìgbà tí òun yóò dáwọ́ dúró. Ní 1991, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ yẹ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ àwọn aláìsàn wò ní ilẹ̀ Ṣáínà àti ní gúúsù Áfíríkà. Ìlú wọn jìnnà sí ara wọn, ṣùgbọ́n ojú kan náà ni àpá wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn: ipò 249 nínú apá ìwé àṣẹ tí à ń pè ní p53, apá tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dá sẹ́ẹ̀lì tí ó bá fẹ́ ya ìgbékúùgbé dúró. Bí ìgbà tí olè kan náà bá fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lára ògiri ilé méjì ni.

Ẹgbẹ́ kejì ni ó ń kó àfọ́kù náà. Olórí nínú wọn ni ẹ́ńsáìmù tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ glutathione S-transferase. Ó ń fi èròjà glutathione wé àfọ́kù náà bí ìgbà tí ènìyàn fi àkísà wé ìgò fífọ́, lẹ́yìn náà ni òróòro àti ìtọ̀ yóò gbé e jáde láìṣe ara níbi. Nítorí náà, ohun tí ó ń pinnu bóyá májèlé inú ẹ̀pà yóò di jẹjẹrẹ tàbí kò ní dì í kì í ṣe ìwọ̀n tí a jẹ nìkan. Ó kù sí ọwọ́ ẹgbẹ́ méjì yìí, èwo ni ó yára ju èkejì lọ. Ibí yìí gan-an sì ni ewé ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Èròjà mìíràn wà nínú ewéko tí ń fa ọwọ́ ẹgbẹ́ kìíní sẹ́yìn, òmíràn ń bá wa fi kún iye ẹgbẹ́ kejì, òmíràn sì ń dì mọ́ májèlé náà nínú ìfun kí ó má tilẹ̀ dé ibodè rárá.

Qidong ni a ti gbé ìmọ̀ yìí kúrò lára eku tí a sì gbé e dé ara ènìyàn. Agbègbè oko ni, létí ibi tí odò Yangtze ti ń wọ òkun, níhà àríwá Shanghai. Àgbàdo ni oúnjẹ wọn tẹ́lẹ̀, ọ̀rinrin ilẹ̀ wọn sì pọ̀. Nínú àgbàlagbà mẹ́wàá tí ó bá kú níbẹ̀ nígbà kan, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni ó ń pa ọ̀kan. Láti 1972 ni wọ́n ti ń kọ orúkọ gbogbo aláìsàn jẹjẹrẹ wọn sínú ìwé, wọ́n sì kọ́ ilé ìwádìí fún àrùn náà láàárín oko. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé láti Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà wá bá wọn ṣe iṣẹ́, ilé ni wọ́n bá, wọn kò bá ahoro. Ní 1997, wọ́n yan ènìyàn 180 tí ara wọn le. Wọ́n fún apá kan ní chlorophyllin, èyí tí a ṣe láti ara àwọ̀ tútù tí ó wà nínú gbogbo ewé, ìgbà mẹ́ta lóòjọ́ pẹ̀lú oúnjẹ, fún oṣù 4. Àwọn yòókù gba oògùn tí ó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kò ní nǹkan nínú, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì mọ èyí tí òun ń gbé mì. Wọ́n wá yẹ ìtọ̀ gbogbo wọn wò. Àfọ́kù aflatoxin tí ó ti ara DNA já bọ́ dín kù ní ìdá 55 nínú 100 lọ́dọ̀ àwọn tí ó lo àwọ̀ ewé náà. Ní 2001 ni a tẹ àbájáde yìí jáde.

Ẹ̀fọ́ ni ìdánwò mìíràn dá lé lórí. Ní 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Paul Talalay àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Johns Hopkins yọ èròjà kan nínú broccoli, ẹ̀fọ́ kan tí ó jẹ́ ìbátan kábéèjì. Sulforaphane ni orúkọ èròjà náà, ó sì ń ké sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kejì kí wọ́n pọ̀ sí i. Ní 1997 wọ́n rí i pé èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ní ọjọ́ mẹ́ta ní ohun tí ń di sulforaphane nínú ju èyí tí ó ti gbó lọ ní ìlọ́po 10 sí 100. Ohun tí ó wù wá jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé sulforaphane kò sí nínú ẹ̀fọ́ náà bí ó ti wà nínú oko. Ewé náà ya èròjà kan sọ́tọ̀ nínú yàrá kan, ó fi ẹ́ńsáìmù tirẹ̀ sínú yàrá mìíràn. Ìgbà tí kòkòrò tàbí ènìyàn bá rún un lẹ́nu ni ògiri àárín wọn wó, tí méjèèjì pàdé, tí sulforaphane sì jáde. Bí a bá se ẹ̀fọ́ náà títí tí ó fi rọ̀ gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀, iná ti pa ẹ́ńsáìmù náà, ohun tí a ń retí kò sì ní pọ̀ níbẹ̀ mọ́. Ẹ wò ó bí ìyàtọ̀ sísè àti àìsè, tí àwọn ìyá wa ń kà sí gidigidi nínú àgbo, ti rí ìdí rẹ̀ nínú ilé ìwádìí. Moringa tí àwọn Hausa ń pè ní zogale, tí ó hù sí ẹ̀yìnkùlé ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà, ń ṣe irú ọgbọ́n yàrá méjì yìí gan-an, ó sì ní èròjà tirẹ̀ tí ó bá ti broccoli tan.

Wọ́n gbé broccoli náà lọ sí Qidong pẹ̀lú. Nínú ìdánwò tí wọ́n ṣe ní 2011 sí 2012, ènìyàn 291 mu ohun mímu kan fún ọ̀sẹ̀ 12, omi broccoli tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù wà nínú ti àwọn kan, kò sí nínú ti àwọn yòókù. Lára àwọn tí ó mu ún, benzene, májèlé inú èéfín ọkọ̀ tí a mọ̀ pé ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, tí ara ń wé tí ó sì ń tọ̀ dànù, fi ìdá 61 nínú 100 pọ̀ sí i. Èyí kò wo jẹjẹrẹ ẹnikẹ́ni sàn, kò sì sí ẹni tí ó pè é bẹ́ẹ̀.

Njẹ́ àwa kò ní tiwa ni? A ní i. Ní 1985, Maurice Iwu, ẹni tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé wa mọ̀ sí alága àjọ elétò ìdìbò tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó ti jẹ́ onímọ̀ ewéko ní Nsukka tipẹ́tipẹ́ kí ó tó di alága ohunkóhun, tẹ ìwádìí kan jáde lórí orógbó. Ó fi hàn pé àwọn èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí ń gba ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ májèlé. Kolaviron ni a wá ń pe àkójọ èròjà wọ̀nyí. Ní 2005, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olatunde Farombi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn gbé e lọ bá aflatoxin fúnra rẹ̀: wọ́n fi kolaviron fún eku tí ó ti gba májèlé náà, ìbàjẹ́ inú ẹ̀dọ̀ àwọn eku náà sì dín kù. Ọdún méjì ṣáájú, ní 2003, Ernest Izevbigie, ọ̀mọ̀wé ọmọ Nàìjíríà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Jackson State University ní Mississippi, tẹ̀ ẹ́ jáde pé omi ewúro fa ìdàgbà sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú sẹ́yìn nínú àwo ìdánwò, ó sì tọ́ka sí ẹ́ńsáìmù tí ewé náà dí lọ́wọ́.

Orógbó tí a fi ń súre ogbó fún ọmọ tuntun àti ìyàwó! Inú ẹni tí kì í dùn sí irú ìròyìn yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n eku kì í ṣe ènìyàn, sẹ́ẹ̀lì inú àwo kì í sì í ṣe ọmú obìnrin. Inú àwo ìdánwò, ọ̀pọ̀ nǹkan a máa pa jẹjẹrẹ, ọtí àti omi ọṣẹ pẹ̀lú. Ohun tí ó kù ni ohun tí Qidong ṣe fún àwọ̀ ewé: kí a fún ènìyàn, kí a fi ti ẹni tí kò gbà á wé e, kí a yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wọn wò, kí a sì gba ohunkóhun tí ó bá jáde, ìbáà dùn, ìbáà korò.

Àwọn kan kò ní sùúrù dé ibẹ̀. Ẹ dé ibùdókọ̀ èyíkéyìí láti Ẹ̀kọ́ dé Màídúgùrì, ẹ ó gbọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ń kéde pé ìgò kan ṣoṣo ń wo ibà, ẹ̀jẹ̀ ríru, jẹ̀díjẹ̀dí àti jẹjẹrẹ. A kò bá oníṣègùn ìbílẹ̀ jà. Oníṣègùn gidi mọ ìwọ̀n, ó mọ èyí tí agbára òun ká àti èyí tí agbára òun kò ká. Àwọn tí à ń bá wí ni àwọn tí wọ́n gbọ́ gbólóhùn kan nínú ìròyìn onímọ̀ ìjìnlẹ̀, tí wọ́n sì sáré lọ tẹ̀ ẹ́ sí ara ìgò. Obìnrin tí ó rí kókó kékeré lọ́mú, tí ì bá gbà á ní ilé ìwòsàn nígbà tí ó ṣì kéré, yóò fi ọdún kan mu ewúro, nígbà tí ó bá sì dé ọ̀dọ̀ dókítà, kókó náà ti di egbò. Ta ni a ó di ẹ̀bi náà rù? Kì í ṣe ewúro.

Ẹ̀rí méjì ni a óò fi ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Beta-carotene ni èròjà tí ń mú kárọ́ọ̀tì pọ́n, ohun kan náà ni ó sì wà nínú epo pupa wa. Nítorí pé àwọn tí ń jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa kì í sábà ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n rò ní Finland pé kí a yọ ọ́ sínú oògùn kékeré. Wọ́n fi dán ọkùnrin amusìgá 29,133 wò. Ní 1994, àbájáde jáde: àwọn tí ó gbé e mì ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró mú jù, ó fi ìdá 18 nínú 100 pọ̀ lọ́dọ̀ wọn ju lọ́dọ̀ àwọn tí kò gbé e mì. Ní Amẹ́ríkà ní 1996, wọ́n ní láti dá irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ dúró kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé nítorí ohun kan náà. A kò ní kí ẹnikẹ́ni jáwọ́ nínú epo pupa. Oúnjẹ ọ̀tọ̀, èròjà tí a yọ nínú oúnjẹ tí a wá ń gbé mì ní ìwọ̀n ńlá lójoojúmọ́, ọ̀tọ̀.

Ẹ̀rí kejì ṣe kókó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀nà tí sulforaphane ń gbà pe ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kejì ni pé ó ń tú ońṣẹ́ kan sílẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, Nrf2 ni orúkọ rẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tí ó dè é mọ́lẹ̀, tí ń jẹ́ Keap1. Ońṣẹ́ náà yóò wọ àárín sẹ́ẹ̀lì lọ láti kéde pé kí a ṣe ẹ́ńsáìmù ìdáàbòbò sí i. Bí sẹ́ẹ̀lì náà bá jẹ́ èyí tí ó pé, ìdáàbòbò rere ni. Ṣùgbọ́n àwọn jẹjẹrẹ kan wà, pàápàá ti ẹ̀dọ̀fóró, tí wọ́n ti já okùn Keap1 fúnra wọn, tí ońṣẹ́ náà kì í sùn mọ́ nínú wọn, tí odi tí ó ń mọ fún wọn sì ń mú kí oògùn dókítà má ràn wọ́n. Odi tí a mọ fún onílé náà ni olè tí ó ti wọlé ń sá pamọ́ sí. Ẹni tí ó bá lóye èyí yóò mọ ìdí tí ohun tí ń dènà jẹjẹrẹ kò fi jẹ́ ohun tí ń wo jẹjẹrẹ, tí kò sì yẹ kí a ta ọ̀kan ní orúkọ èkejì.

Ní ti àwọn ọ̀mọ̀wé wa tí wọ́n ń yọ ṣùtì sí ewé nítorí pé ewé ni, a kò ní fi ọ̀rọ̀ gùn wọ́n. Kí wọ́n ka ìwé Qidong.

A kò gbọdọ̀ fi apá kan ìtàn Qidong pamọ́ o. Ikú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ti dín kù púpọ̀ níbẹ̀. Láàárín àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò tíì tó 35, ó fi ju ìdajì lọ dín kù láti orí àwọn tí a bí ní àwọn ọdún 1960 dé orí àwọn tí a bí ní àwọn ọdún 1980. Kì í ṣe àwọ̀ ewé, kì í ṣe broccoli ni ó ṣe é. Ìrẹsì ni. Láàárín àwọn ọdún 1980, ìjọba ilẹ̀ Ṣáínà tún ètò àgbẹ̀ ṣe, àwọn ará Qidong fi àgbàdo tí ó ń bu sílẹ̀, wọ́n sì ń jẹ ìrẹsì. Nígbà tí yóò fi di 2009, a kò rí aflatoxin mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn tí wọ́n ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 2013 ni àwọn kan náà tí wọ́n ṣe ìdánwò broccoli, wọn kò sì ṣẹ́ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà kù.

Ṣé àwa yóò fi àgbàdo àti ẹ̀pà sílẹ̀? Ta ni yóò fi ògì sílẹ̀? Kò tilẹ̀ pọn dandan. Ní agbègbè Kindia ní orílẹ̀-èdè Gínì, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kọ́ àwọn àgbẹ̀ abúlé 10 pé kí wọ́n ṣa ẹ̀pà tí ó ti bu kúrò, kí wọ́n sá ìyókù sórí ẹní dípò orí ilẹ̀, kí wọ́n kó o sínú àpò ìdọ̀họ tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, kí wọ́n sì gbé àpò náà lé orí pákó. Wọ́n fi abúlé 10 mìíràn tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ wé wọn. Lẹ́yìn oṣù 5, aflatoxin inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó gba ẹ̀kọ́ náà kò tó ìdajì ti àwọn yòókù. Ní 2005 ni ìròyìn yìí jáde. Ní Ìbàdàn níbí, ilé ìwádìí IITA ti rí irú Aspergillus flavus kan tí kì í ṣe májèlé nínú oko wa. Bí a bá fọ́n ọn sóko, yóò gba ilẹ̀ mọ́ èyí tí ń ṣe májèlé lọ́wọ́. Aflasafe ni wọ́n ń pè é, NAFDAC sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2014. Ní ti hepatitis B, Gáḿbíà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára láti 1986 kí gbogbo ayé lè mọ̀ bóyá yóò dènà jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Nàìjíríà fi abẹ́rẹ́ náà sínú ètò àjẹsára ọmọdé ní 2004. Wákàtí 24 àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí ni ó yẹ kí ọmọ gba ìkíní.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni apá tó yá jù nínú iṣẹ́ yìí wà. Ẹ gbé àwo ẹ̀pà kan wọ kíláàsì, kí àwọn ọmọ ṣà á lẹ́yọ lẹ́yọ: èyí tí ó sún kì, èyí tí ó dúdú, èyí tí nǹkan aláwọ̀ ewé ti hù lára rẹ̀, kí a sọ wọ́n nù, kí a má ṣe kó wọn fún adìẹ. Ọmọ tí ó bá ṣe é ní ilé ìwé yóò ṣe é ní ìdáná ìyá rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá ń gba ọmọ wọlé, ẹ béèrè káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì ní ilé ìwé gíga, kí ó sọ ìtàn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ méjì inú ẹ̀dọ̀ ní èdè tí ọmọ fi ń lálàá.

Ọ̀dọ̀ ìjọba ni èyí tí ó kù wà. Láti 1987 ni a ti dá ilé ìwádìí oògùn NIPRD sílẹ̀. Ní 2017 ni a ṣe òfin tí ó dá àjọ ìwádìí àti ìtọ́jú jẹjẹrẹ sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Orógbó wà lọ́jà, àwọn tí ó mọ ẹ́ńsáìmù wà ní Ìbàdàn, Nsukka àti Zaria, àwọn tí aflatoxin wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn sì wà káàkiri ilẹ̀ wa, wọn kò sì mọ̀. Ìdánwò tí Qidong fi la ojú ayé gba ènìyàn 180 àti oṣù 4. A ń béèrè irú ìdánwò kan bẹ́ẹ̀ lórí kolaviron, kí ó jẹ́ ti wa, lórí ilẹ̀ wa, kí a tẹ àbájáde rẹ̀ jáde bí ó bá tilẹ̀ tú orógbó fó. A sì ń béèrè pé kí ìjọba sọ fún wa, nínú ìṣúná owó ọdún tí ń bọ̀, iye tí ó yà sọ́tọ̀ fún un.